Ẹṣin òkun àti clownfish tó bímọ nínú táǹkì yín: ẹ wá sọ tiyín

ỌmọOlókun: Ẹ̀yin ará, ikùn akọ ẹṣin òkun mi ti wú roboto. Láti àárọ̀ ló ti fi ìrù di ibì kan mú, kò sì fẹ́ jẹun. Ta ló ti rí ìbímọ wọn rí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin clownfish náà, ẹja òkun kékeré onílà funfun yẹn, ẹ bá wa dá sí i.

Ẹlẹ́ja: Ẹ kú oríire o! Ẹ tètè wá táǹkì kékeré mìíràn sílẹ̀.

Àyìnkẹ́: Kùtùkùtù ni tèmi bí. Mo tan iná, mo rí i tó ń ká ara rẹ̀ kò, tó tún ń nà án. Bó ṣe ń fún àpò ikùn rẹ̀ ni ọmọ ń tú jáde wìrìwìrì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, gbogbo wọn ti ní ẹnu gígùn àti ìrù bíi ti bàbá wọn. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí abo tún fi wá ń jó níwájú rẹ̀, tí àwọ̀ àwọn méjèèjì ń tàn. Oúnjẹ ọmọ ni iṣẹ́ ńlá. Ẹṣin òkun ò ní àpò tí oúnjẹ ń dúró sí nínú, ohun tó bá jẹ ń kọjá kíá ni, torí náà artemia, ẹ̀dá omi kékeré bí edé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ gbọ́dọ̀ wà níwájú wọn ṣáá.

Báyọ̀: Anti Àyìnkẹ́, ẹ má bínú o, ọgọ́rọ̀ọ̀rún? Ìwọ̀nba péréte ni tèmi ń bí.

Àyìnkẹ́: Irú wo lẹ ní? Reidi ni tèmi, òun lè bí ju 1,000 lọ lẹ́ẹ̀kan.

Báyọ̀: Háà, zosterae ni tèmi, àwọn kékeré yẹn. Ó yé mi wàyí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá dáyé ni wọ́n ti ń fi ìrù di nǹkan mú.

Àyìnkẹ́: Ẹ ò rí i! Òkè omi ni tèmi máa ń léfòó sí. Wọ́n á gbé afẹ́fẹ́ mì, wọn ò sì ní lè sọ̀kalẹ̀ mọ́. Táǹkì roboto tí omi ń yí po nínú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló gbà wọ́n.

Tìjání: Ẹ jọ̀ọ́, akọ wo ló ń lóyún? Abo ló yé ẹyin, akọ kàn bá a gbé e ni.

Ẹlẹ́ja: Tìjání, ó ju gbígbé lọ. Inú àpò yẹn ni ara akọ ti ń fún ẹyin ní afẹ́fẹ́, òun ló sì ń tún iyọ̀ omi inú rẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀ títí á fi sún mọ́ ti òkun kí ọmọ tó jáde. Kí ló kù?

Tìjání: Ó ku kó fún wọn lọ́mú.

Mọ́remí: Clownfish ni tèmi. Ara ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ń yé sí. Ẹyin á kọ́kọ́ pọ́n, akọ á máa fi lẹbẹ fẹ́ ẹ, á máa fẹnu gbá a mọ́. Tí ojú ọmọ bá ti ń dán bíi fàdákà nínú ẹyin, ẹ mọ̀ pé ó kù dẹ̀dẹ̀. Inú òkùnkùn ni ọmọ ti ń jáde nínú ẹyin: ẹ pa iná, ẹ ní sùúrù wákàtí kan sí méjì. Artemia tóbi ju ẹnu wọn lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, rotifer, ẹ̀dá inú omi tó kéré ju artemia lọ, lẹ máa fún wọn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé abo mi kú, nígbà tó yá ọkọ rẹ̀ di abo, ó sì ti ń yé ẹyin fún akọ kékeré tí mo fi tì í.

Báyọ̀: Ọkọ di ìyàwó kẹ̀?

Tìjání: Èyí ò ṣeé gbà. Ṣé ó dá yín lójú pé òun náà ni?

Mọ́remí: Òun ni. Ìlà funfun àárín rẹ̀ já, mi ò lè ṣì í mọ̀.

Ẹlẹ́ja: Òótọ́ ni. Akọ ni gbogbo clownfish ń kọ́kọ́ jẹ́, èyí tó bá jẹ gàba láàárín wọn ló ń di abo. Ẹ má wulẹ̀ wá akọ tàbí abo kiri. Ẹ ra kékeré méjì, wọ́n á yanjú rẹ̀ fúnra wọn.

Ọláídé: Ṣé a lè kó òun àti ẹṣin òkun sínú táǹkì kan náà?

Mọ́remí: Rárá o.

Báyọ̀: Mo mọ ẹni tó ṣe é, kò sí wàhálà.

Mọ́remí: Fún oṣù mélòó? Clownfish á ti gbé oúnjẹ lọ kí ẹṣin òkun tó yíjú sí i. Anemone, ẹ̀dá òkun bí òdòdó tí clownfish ń gbé inú rẹ̀, ń ta ẹṣin òkun. Omi tí kò gbóná tó 24°C ló sì ń dáàbò bo ẹṣin òkun jù lọ́wọ́ bakitéríà, clownfish ń fẹ́ èyí tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀.

Báyọ̀: Ẹni tí mo ń sọ kò ní anemone o.

Mọ́remí: Oúnjẹ ńkọ́?

Ọláídé: Ó yé mi, táǹkì méjì. Ẹ jọ̀ọ́, rotifer mi kì í pẹ́ kú, kí ni kí n ṣe?

Ẹlẹ́ja: Ṣé omi wọn ṣì ní àwọ̀ ewé? Tó bá ti mọ́ gaara, ebi ló ń pa wọ́n. Ẹ fi algae, ewé omi wínníwínní tí wọ́n ń jẹ, kún un, kẹ́ ẹ sì máa bù díẹ̀ kúrò lára wọn lójoojúmọ́, kí wọ́n má bàa pọ̀ jù.