Ọwọ́ ń yàn, ọkọ̀ ń yí: orúkọ wo ló tọ́ sí M ara jíà ọ́tò?

Ẹ̀yin ará mi,

Mo ti ka gbogbo ohun tí a ti sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ mẹ́ta. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: à ń wá orúkọ fún ipò M tó wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọ́tò, ìyẹn ọkọ̀ tí jíà wọn ń dá yí. M yìí ni ibi tí wọ́n kọ + àti − sí, tí awakọ̀ ti lè sọ pé jíà kẹta lòun fẹ́, tàbí ìkẹrin. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá “ipò àfọwọ́yí”. Àwọn mìíràn ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, ká máa pè é ní máńúà, torí ohun tí awakọ̀ àti mẹkáníìkì ń pè é náà nìyẹn. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Kì í ṣe pé wọn ò dùn létí. Wọ́n dùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń purọ́ mọ́ ohun tí ọkọ̀ ń ṣe, irọ́ náà sì lè ṣe èèyàn léṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Àbúrò mi ọkùnrin ti wa ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì, èyí tó ní pẹ́dàlì tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ kí ọwọ́ tó yí jíà, fún ọdún mẹ́jọ kó tó bọ́ sórí ọ́tò. Lọ́jọ́ kan òun ló wà nídìí ọkọ̀, èmi jókòó tì í, à ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn, ó sì ń tẹ bíréékì léraléra títí òórùn gbígbóná rẹ̀ fi wọlé bá wa. Mo ní, “Fi sí máńúà, kí o já a wálẹ̀,” ìyẹn kó bọ́ sí jíà tó kéré kí ẹ́ńjìnnì lè di ọkọ̀ mú. Ó fa ọ̀pá jíà sí M bí mo ṣe wí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣe ohun tó tọ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, tó ti ń sinmi láti àárọ̀, gbéra nílẹ̀, ó ń wá kílọ́ọ̀ṣì tí kò sí níbẹ̀. Bíréékì ló bá pàdé, torí ti ọ́tò máa ń fẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá bí wọ́n ṣe ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ dúró gìrì, bẹ́líìtì gbá wa láyà mú, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa fi hòònù bọnu, díẹ̀ ló kù kó kọlù wá. Àbúrò mi ò ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ohun tó mọ̀ ni mo pè, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ìpè náà.

Ẹ bi awakọ̀ èyíkéyìí pé kí ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ jẹ́ máńúà. Kò ní tọ́ka sí ọwọ́. Abẹ́ sítíárìn ni yóò tọ́ka sí: pẹ́dàlì mẹ́ta, kílọ́ọ̀ṣì wà lápá òsì. Nígbà tí ọ́tò dé tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ni a wá nílò orúkọ tí a ó fi ya ti àtijọ́ sọ́tọ̀, máńúà sì ni a mú. Nítorí náà, ẹni tó bá pe M ní máńúà, kílọ́ọ̀ṣì ló pè.

Àfọwọ́yí ti ẹ̀gbọ́n wa sàn díẹ̀, kò dárúkọ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé iṣẹ́ tí ọwọ́ ò ṣe fún ọwọ́. Nínú ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ló ń yí jíà lóòótọ́. Bí awakọ̀ bá ti ọ̀pá, irin tàbí wáyà tó so mọ́ ìdí ọ̀pá á ti irin mìíràn nínú àpótí jíà, eyín á wọnú eyín, bí kò bá sì wọlé dáadáa, àtẹ́lẹwọ́ ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀. Ní ipò M, ọ̀pá tí ẹ tì sí + kò kan eyín kankan. Swíìṣì kékeré kan ló kàn. Swíìṣì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tó ń ṣàkóso jíà. Kọ̀ǹpútà wo bí ọkọ̀ ṣe ń sáré sí àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí sí. Bó bá gbà, ó ṣí fáàfù, ọ́ìlì á wá fún àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì kan pọ̀ nínú lọ́hùn-ún, á tú àwọn mìíràn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kílọ́ọ̀ṣì ń bẹ nínú ọ́tò, wọ́n tilẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ọ́ìlì ló ń tẹ̀ wọ́n.

Mo ní “bó bá gbà”. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Ẹ wà lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, kí ẹ ní jíà kìíní lẹ fẹ́. Kọ̀ǹpútà ò ní gbà, torí ẹ́ńjìnnì á yí kọjá agbára rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan á dún “píì” láti sọ pé àwọn gbọ́ ṣùgbọ́n àwọn ò ṣe é. Bí ọkọ̀ bá ń dúró lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò padà sí kìíní, ẹ ò ní láti sọ fún un. Bí abẹ́rẹ́ tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí sí hàn bá sì kan ojú pupa, ọ̀pọ̀ nínú wọn á bọ́ sí jíà tó kàn láìbi ẹnikẹ́ni, nínú M náà. Ṣé ohun tí a fi ọwọ́ yí lè kọ̀ fún ọwọ́ bẹ́ẹ̀? Àfọwọ́kọ ni ohun tí ọwọ́ kọ. Bírò kì í dá ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu kó ní òun ò kọ èyí.

Lára àwọn tó ṣe nǹkan yìí ṣáájú, àwọn kan ò fi ọwọ́ sọ ọ́ lórúkọ. Jíà tó ń dá yí ti wà tipẹ́: General Motors ti Amẹ́ríkà ti gbé jíà ọ́tò wọn, Hydra-Matic, sínú àwọn ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940. Nígbà tí Porsche wá jẹ́ kí awakọ̀ 911 ti ọdún 1990 lè sọ èyí tó wù ú nínú jíà ọ́tò, Tiptronic ni wọ́n pè é. Tippen ni àwọn ará Jámánì ń pe kí èèyàn fi ìka kan nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe ní tòótọ́ ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Èmi náà fẹ́ ká wo ibẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n tọ ẹsẹ̀ wọn, kí n pè é ní àfìkakàn. Mo pa á tì kíá, torí nínú ọkọ̀ òde òní, kí ni ìka kì í kàn? Fèrèsé ni, rédíò ni, iná ni. Lẹ́yìn náà mo kọ àfàṣẹyí sílẹ̀, ìyẹn ohun tí a fi àṣẹ yí, ó sì dùn mọ́ mi púpọ̀ fún ọjọ́ kan gbáko. Ìyá mi ló tú u ká nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní, “Àṣẹ tí wọ́n lè kọ̀, ṣé àṣẹ náà nìyẹn?” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ àṣẹ wúwo lẹ́nu wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbà pé àṣẹ lòun ń pa fún ọkọ̀ yóò rò pé ó di dandan kó ṣẹ, ìyàlẹ́nu á sì bá a lọ́jọ́ tí kò bá ṣẹ lórí òkè.

Mo wá dé orí yàn. Ẹni tó yan nǹkan kò sọ pé òun ló máa ṣe é, kò sì sọ pé kò sẹ́ni tó lè kọ̀ fún òun. Èèyàn lè yan ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní tẹ̀. Nítorí náà, àbá mi ni jíà àdáyàn, kí ipò M sì jẹ́ ipò àdáyàn. Bí a bá fi í sí D, ìyẹn ipò tí a ń fi ọ́tò sí kó máa lọ, ọkọ̀ ló ń yàn, ọkọ̀ ló ń yí. Bí a bá fi í sí M, awakọ̀ ń yàn, ọkọ̀ ń yí. Nínú ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì, awakọ̀ ló ń ṣe méjèèjì. Àfọwọ́yí ti ẹ̀gbọ́n wa kò sọnù, ibẹ̀ gan-an ló ti bá iṣẹ́ rẹ̀ mu: ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ti oníkílọ́ọ̀ṣì, kí máńúà náà jókòó tì í. Ọ́tò á sì jẹ́ jíà adáyí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí àmì ohùn. Adáyí ni, kì í ṣe àdáyí. Ohùn àárín ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bíi ti adájọ́ àti adáṣiṣẹ́, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Àdáyàn ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bíi àdáṣe àti àyànfẹ́, torí òun ni wọ́n yàn. Ẹ wo afọwọ́rá àti àfọwọ́rá: olè ni ọ̀kan, ìwà tó hù ni èkejì. Bí a bá kọ “adáyàn” láìfi àmì sórí a àkọ́kọ́, a ti sọ pé jíà náà ló ń yan ara rẹ̀, D la sì ń ṣàpèjúwe yẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀wé lórí fóònù láìfi àmì kankan sí i. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbìyànjú.

Ẹnìkan béèrè ìdí tí mo fi di yí mú, nígbà tí awakọ̀ ń sọ pé àwọn ń ki jíà, tí àwọn mìíràn ń sọ pé àwọn ń pààrọ̀ rẹ̀. Ki dára fún oníkílọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ rẹwà níbẹ̀: à ń ki jíà bí ọdẹ ṣe ń ki ìbọn, agbára wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ki nǹkan kan ní M. Pààrọ̀ ní tirẹ̀ ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bí wọ́n bá ní “a ti pààrọ̀ jíà rẹ̀”, odidi àpótí jíà ni wọ́n tú sílẹ̀ tí wọ́n gbé òmíràn sí i. Lóòótọ́, ẹnìkan lè sọ pé gbogbo jíà ló ń yí, torí wọ́n ń yí bírípó nínú ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé ó “yí sí kẹta”, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ bírípó níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ + àti − ló gbà mí lákòókò jù. A ti mọ́ ara wa lára láti sọ “gbé e sókè” àti “já a wálẹ̀”. Èmi náà sọ ọ́ lọ́jọ́ àbúrò mi. Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí jíà bá bọ́ láti kẹrin sí kẹta: ẹ́ńjìnnì ló ń ké sókè, abẹ́rẹ́ rẹ̀ gùn sókè, ohun gbogbo tí ojú àti etí awakọ̀ ń gbà ń lọ sókè, àwa sì ń sọ fún un pé ó ti wálẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ a máa rò pé òun ti ṣì í. Ká sì wá fi tì tàbí fà rọ́pò, ìyẹn burú jù, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ síwájú ni + wà, nínú ọ̀pọ̀ Mazda àti BMW ẹ̀yìn ló wà. “Tì í síwájú” á fi jíà kún un nínú ọkọ̀ èyí, á sì yọ ọ́ nínú ọkọ̀ tọ̀hún. Ṣùgbọ́n àmì tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti wà nínú èdè wa láti kíláàsì kìíní ilé ẹ̀kọ́: àròpọ̀ àti àyọkúrò. Ẹ jẹ́ ká máa sọ pé “fi kan kún un” àti “yọ kan”. Ibikíbi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí, òótọ́ ni yóò jẹ́.

Ibi kan wà tí àdáyàn ò dé, mi ò sì fẹ́ ká fi ipá mú un débẹ̀. Nínú àwọn Toyota kan, lẹ́tà S ló wà níbi tí a ti ń retí M. Bí 4 bá hàn níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ọkọ̀ wà ní jíà kẹrin. Ohun tó ń sọ ni pé kó má kọjá ìkẹrin. Ó lè wà ní kejì nígbà yẹn. Gbèdéke lawakọ̀ fi lélẹ̀, ọkọ̀ sì ń yàn lábẹ́ rẹ̀. L àti 2 ara ọ́tò àtijọ́ jọ èyí díẹ̀. Ipò gbèdéke ni mo dábàá fún un, kó má bàa dà pọ̀ mọ́ àdáyàn, torí ẹni tó rí 4 tó sì rò pé kẹrin lòun wà yóò máa ṣe kàyéfì ìdí tí ẹ́ńjìnnì fi ń pariwo. Ní ti CVT, irú ọ́tò tí kò ní jíà kìíní, kejì, tí à ń kà, tó jẹ́ bẹ́líìtì àti púlì méjì ló ń ṣiṣẹ́ wọn, àtẹ̀gùn tí kọ̀ǹpútà fi díbọ́n ni M tirẹ̀. Síbẹ̀ awakọ̀ ṣì ń yàn nínú wọn, àdáyàn bá a mu.

Nípa ohun méjì tó wà lẹ́yìn sítíárìn, tí a ń fi ìka fà, ẹnìkan dábàá àjẹ̀. Mo rí ibi tó ti mú un, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ni a ń fi àjẹ̀ wà, bí ohùn bá sì gùn díẹ̀ ní ìparí, àjẹ́ ló dà. Etí sítíárìn ni mò ń pè wọ́n nínú ilé. Ọ̀tún ni etí ìfikún, òsì ni ti ìyọkúrò, ó kéré tán nínú èyí tó pọ̀ jù.

A ti padà gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn kọjá, èmi àti àbúrò mi. Mo ní kó fi sí M, mo ní, “Yọ kan.” Ó yọ kan, ẹ́ńjìnnì ké, ó sì di ọkọ̀ mú. Mo ní, “Yọ kan sí i.” Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni mò ń wò ní gbogbo àkókò náà, kò kúrò nílẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti oníkílọ́ọ̀ṣì bọ̀ sí ọ́tò, ẹ bá mi dán an wò lójú ọ̀nà tó dá, kí ẹ sì wá sọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe fún wa.