“Gbéra” kò tó fún bàálù

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Àbúrò wa tó ń kọ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama níbí ní Òṣogbo ti kó ọ̀rọ̀ mẹ́rin síwájú wa. Orí kan nínú ìwé náà dá lórí ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa bàálù kékeré wọ pápákọ̀ òfurufú ìlú ńlá, irú Èkó tàbí New York, láàárín àwọn bàálù akérò ràgàjì. Ó pe takeoff, ìyẹn ìgbà tí bàálù ń fi ilẹ̀ sílẹ̀, ní “gbéra”. Ó pe àṣẹ tí awakọ̀ ń gbà kó tó wọ òfurufú ìlú ní “ìdáhùn”. Ó pe atẹ́gùn burúkú tí bàálù ńlá máa ń fi sẹ́yìn ní “ìjì”. Ó sì pe bàálù tí kì í ṣe ti akérò ní “bàálù aládàáni”. Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ìkìrun wá dá a lóhùn pé ká má yọ ara wa lẹ́nu, pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òfin gbà lójú òfurufú, ká fi àkọtọ́ Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ wọn, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìlànà àjọ òfurufú àgbáyé, ICAO, sọ ni pé èdè tí àwọn tó wà nílẹ̀ máa ń sọ, tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ni kí wọ́n fi bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ní Kánádà, àwọn awakọ̀ òfurufú tó ń sọ Faransé ní Quebec jà fún èdè wọn débi pé àwọn awakọ̀ tó ta kò wọ́n yan iṣẹ́ lódì ní 1976. Lónìí, wọ́n ń fi Faransé darí bàálù ní Quebec. Mi ò sọ pé Yorùbá ni wọn yóò máa sọ lórí rédíò ní Ìkẹjà lọ́la. Ọmọ Òṣogbo tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ awakọ̀ òfurufú ní Zaria tàbí Ilọrin ni mo ń wò: kó ti fi èdè ìyá rẹ̀ lóye iṣẹ́ náà kó tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi wà lẹ́yìn àbúrò pé ká wá ọ̀rọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ yìí ní àwọn nǹkan kan tó yà sọ́tọ̀ gedegbe, tó jẹ́ pé bí a bá dà wọ́n pọ̀, ẹ̀mí ló ń lọ sí i. Ọ̀rọ̀ tí a bá dá gbọ́dọ̀ yà wọ́n bí iṣẹ́ náà ṣe yà wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí “gbéra”, torí òun ló ń dùn mí jù.

Lọ́jọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, bàálù Boeing 747 méjì kọlu ara wọn lórí ilẹ̀ ní pápákọ̀ Los Rodeos, ní erékùṣù Tenerife. Ọ̀kan jẹ́ ti iléeṣẹ́ bàálù KLM, èkejì ti iléeṣẹ́ Pan Am. Ènìyàn 583 ló kú. Kurukuru bo ibẹ̀ débi pé àwọn bàálù méjèèjì kò rí ara wọn, àwọn tó wà nínú ilé ìdarí kò sì rí ẹnikẹ́ni. Àwọn adarí ti ka ọ̀nà tí KLM yóò gbà lẹ́yìn tó bá fò fún un, wọ́n sì lo ọ̀rọ̀ náà “takeoff” nínú rẹ̀, àmọ́ wọn kò tíì ní kó máa fò. Ọ̀gá awakọ̀ KLM tẹná. Igbákejì rẹ̀ wá sọ lórí rédíò pé àwọn ti wà ní “takeoff” báyìí. Ohun tí adarí gbọ́ ni pé wọ́n dúró síbi tí wọn yóò ti fò, wọ́n ń retí àṣẹ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ti ń sáré bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ìtumọ̀ méjì. Láti ìgbà náà, wọ́n fi í ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe “takeoff” lórí rédíò àyàfi nígbà tí wọ́n bá ń fúnni ní àṣẹ pé kó máa fò gan-an, tàbí tí wọ́n bá ń gba àṣẹ náà padà. Níbi yòókù gbogbo, “departure” ni wọ́n ń sọ.

Ẹ wá lọ sí Old Garage níbí kí ẹ tẹ́tí sí àwọn tó ń pe èrò. “Ọkọ̀ Èkó ń gbéra!” Àyè ènìyàn mẹ́ta ṣì ṣófo nínú rẹ̀, dírẹ́bà kò tíì jókòó. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Bí “gbéra” ṣe rí nìyẹn ní Yorùbá: ó lè jẹ́ pé mo ń múra, ó lè jẹ́ pé mo ti jáde nílé, ó lè jẹ́ pé mo ti wà lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ó sì wúlò gan-an nítorí pé ó gbòòrò. Gbígbòòrò yẹn ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ewu bí a bá gbé e síbi tí Tenerife ti ṣẹlẹ̀.

Ẹnì kan nínú wa ti dábàá “gbérasọ”. Mo fẹ́ràn rẹ̀, torí ẹni tó bá gbéra sọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kan náà. Adarí dá KLM lóhùn pé “OK”, ó sì fi kún un pé kí wọ́n dúró ná, òun yóò pè wọ́n. Pan Am náà ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò lásìkò yẹn gan-an, ohùn méjèèjì wá forí gbárí. “OK” nìkan ló dé etí àwọn KLM ketekete. Orí ọ̀rọ̀ dé, ìrù rẹ̀ sọnù. Bí ìrù bá sọnù lára “gbérasọ”, kí ló kù? “Gbéra.” A tún ti padà síbi tí a ti ń sá.

Nítorí náà, èyí ni mo dábàá: kí “gbéra” dúró fún ìrìnàjò tó ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ń pè ní departure, kí “fò sókè” sì jẹ́ ti bàálù tó ń fi ilẹ̀ sílẹ̀, “ìfòsókè” bó bá di ọ̀rọ̀ orúkọ. Wọn kò jọ ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò jọ ní òpin, ohùn wọn kò sì jọ. Ẹni tó bá ní “fò sókè” ti gbẹ jù, pé kò ní ọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ kó bi onídùndún. Onídùndún mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan lásán lè jọ òmíràn létí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, ìdí nìyẹn tó fi ń lu odindi gbólóhùn tí gbogbo ìlú ti mọ̀. Kí ọ̀rọ̀ má dàpọ̀ ló kọ́kọ́ ń wá. Ọ̀ṣọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ó kan “ìdáhùn”. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi lẹ́tà pín òfurufú sí ìsọ̀rí, èyí tó sì yí àwọn pápákọ̀ tó kún jù ká ni wọ́n ń pè ní B. Kennedy àti LaGuardia ní New York wà lábẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ tó fẹ́ wọ ìsọ̀rí C tàbí D yóò pe adarí. Bí adarí bá ti dá a lóhùn, tó pe nọ́ńbà bàálù rẹ̀, kódà kó ní “dúró ná”, ó lè wọlé. Ní B, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n lè dá ọ lóhùn lẹ́ẹ̀mẹwàá, bí o kò bá gbọ́ ọ kó ṣe kedere pé o ti gba àṣẹ láti wọ B, o kò gbọ́dọ̀ fi imú bàálù kan ààlà rẹ̀. Ọ̀dọ́ awakọ̀ tó bá rò pé ìdáhùn ti tó, tó kọrí sí New York, ó ti rúfin. Ọ̀rọ̀ tí àbúrò mú wá yóò ti ọmọ sínú àṣìṣe yẹn gan-an.

Yorùbá ti ní ohun tí a nílò níbí. Àlejò dé ẹnu ọ̀nà, ó ní “Àgò o!” Onílé lè dáhùn láti inú yàrá pé “Ta nìyẹn?” Ìdáhùn nìyẹn, kì í ṣe ìwọlé. Ìgbà tó bá ní “Àgò yà!” ni ẹsẹ̀ tó lè wọlé. Mo dábàá “àgòyà” fún àṣẹ ìwọlé òfurufú B. Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ “àṣẹ” ti wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ “àṣẹ” kò sọ ohun tí adarí ń ṣe. Nínú B, ó di dandan kí adarí ya gbogbo bàálù sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, títí kan ẹni kékeré tó ń fi ojú lásán wá ọ̀nà. Ẹni tó fún ọ láyè wọlé ti ń tún àwọn yòókù tò kí ọ̀nà lè là fún ọ. Ohun tí “ẹ yàgò lọ́nà” ń sọ láti ayébáyé nìyẹn.

Lórí “ìjì”, mo kọ̀ ọ́ pátápátá. Ìjì jẹ́ ti ojú ọjọ́. Ohun tí àbúrò ń ṣàlàyé kò kan ojú ọjọ́. Bí bàálù bá ń fò, afẹ́fẹ́ abẹ́ apá rẹ̀ máa ń yí gba etí apá bọ́ sókè, ó sì ń lọ́ yíká bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí bàálù bá ṣe wúwo tó, tó sì ń rọra lọ, bẹ́ẹ̀ ni yíyí náà ṣe ń le tó. Bàálù kékeré bíi Cessna 172 tó kẹ́rù tán kò tó tọ́ọ̀nù 1.2. Boeing 747-400 lè kọjá 390. Yíyí tí ẹni ńlá fi sílẹ̀ lè dojú ẹni kékeré dé, bẹ́ẹ̀ sì ni lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sẹ́ni tó lè fojú rí i.

Ohun tó ń yí, Yorùbá ń pè é ní ààjà. Ẹ̀gbọ́n kan ti ní ká má fi ààjà ṣeré, pé ẹ̀mí ni, pé òun ló ń gbé ènìyàn lọ sínú igbó lọ kọ́ oògùn. Mo bọ̀wọ̀ fún èyí. Ṣùgbọ́n ọmọdé tó rí eruku tó ń yí lórí pápá bọ́ọ̀lù nígbà ọyẹ́ náà ń pè é ní ààjà, ìtumọ̀ méjèèjì sì ti ń gbé pọ̀ látọjọ́ pípẹ́ láìba ara wọn jẹ́. “Ààjà apá” ni kó jẹ́, kó má jẹ́ “ààjà ẹ̀yìn”. Bí a bá ní “ẹ̀yìn”, ọmọ yóò rò pé iná ẹ́ńjìnnì ló ń fẹ́ ẹ, ohun mìíràn sì nìyẹn. Bó bá mọ̀ pé apá ló ti wá, yóò yé e pé bàálù ńlá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rọra ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀ ṣì léwu. Yóò tún yé e pé ààjà apá ń rì sísàlẹ̀. Nítorí náà, awakọ̀ kékeré ń fò lókè ipa tí ẹni ńlá gbà, ó ń balẹ̀ kọjá ibi tí ẹsẹ̀ ẹni ńlá ti kan ilẹ̀, bó bá sì jẹ́ pé ó fẹ́ fò sókè ni, wọn yóò ní kó dúró fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3.

“Bàálù aládàáni” dára, mo gbà á, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ọ. Ohun tó sọ ọ́ di aládàáni ni pé kì í gbowó ọkọ̀. Kò kan bó ṣe kéré tàbí bí olówó rẹ̀ ṣe lówó tó. Ní Nàìjíríà, NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú, ní ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ fún ẹni tó ń fò láìgbowó, ẹni tó bá ní in kò gbọ́dọ̀ gbé èrò fún owó. Ẹni tó bá ń gbé wọn pẹ̀lú ìwé àṣẹ akérò, bàálù rẹ̀ jẹ́ “bàálù àháyà”. Ẹni tó ní ìwé aládàáni tó tún ń gbowó lábẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà lẹ́nu wa tipẹ́: kábúkábú ni. Ní 2024, NCAA dá irú ìwé àṣẹ yìí dúró lọ́wọ́ àwọn kan nítorí iṣẹ́ kábúkábú gan-an. Kí àbúrò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, gbogbo ọmọ Òṣogbo ni yóò yé.

Àwọn kéékèèké yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ojú ọ̀nà bàálù méjì ló wà ní Ìkẹjà. Nọ́ńbà wọn, 18 àti 36, ń tọ́ka sí gúúsù àti àríwá. Kí àbúrò má pe ọ̀kan ní “ti òsì” láìfi nọ́ńbà sí i, torí èyí tó jẹ́ òsì fún ẹni tó kọjú sí gúúsù, ọ̀tún ni fún ẹni tó kọjú sí àríwá. Fún slot, ìyẹn àkókò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bàálù kan láti balẹ̀ tàbí fò sókè, “ìpín àsìkò” ti tó. Kó fi kún un pé bàálù kékeré ń sún mọ́lẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 120 láàárín wákàtí kan nígbà tí ẹni ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní 250, ó wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ aládàáni tó ń lọ New York fi ń balẹ̀ sí Teterboro, pápákọ̀ kan tó wà nítòsí ibẹ̀. “Rábàbà” tí ẹnì kan dábàá fún bàálù tó ń dúró de àyè lójú ọ̀run, ẹ jẹ́ ká fi í fún hẹlikópítà, tó lè dúró sójú kan. Bàálù tó bá dúró sójú kan yóò já bọ́. “Fò yípo” ni tirẹ̀.

Ó ku ọ̀kan tí mi ò rí ọ̀rọ̀ fún. Awakọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, ó ku díẹ̀ kí táyà kan ilẹ̀, ẹni tó wà níwájú kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Adarí ní kó padà sókè, kó lọ to ìlà lẹ́ẹ̀kejì. “Ṣẹ́rí padà” kò bá a mu, torí kì í yí padà, iwájú tààrà ló ń gbà lọ sókè. Ẹyẹ máa ń ṣe é: ó ti fẹ́ bà, kò bà mọ́, ó gbéra lọ. Ẹ̀yin tí ọdẹ wà nílé yín ní Ìkìrun, Ìrágbìjí tàbí Ẹdẹ, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ kí àbúrò tó gbé ìwé lọ sí ilé ìtẹ̀wé.