Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni ìtumọ̀ DF486G àti PRD486WDHU lára kúkà?

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ ra kúkà ńlá, irú èyí tí a ó lò títí tí àwọn ọmọ yóò fi dàgbà, owó ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Mẹ́ta ni a yà sọ́tọ̀. Ọ̀kan jẹ́ Wolf àlòkù, DF486G ni ẹni tó ń tà á kọ. Èkejì ni Thermador PRD486WDHU. Ẹ̀kẹta jẹ́ Lacanche, Cluny 1400 lásán ni wọ́n kọ sí i. Ẹni tó ni Wolf sọ pé 486 tó wà lára méjèèjì fi hàn pé ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, 1400 ńkọ́? Gáàsì sìlíńdà ni a ń lò nílé, a ò ní ti páìpù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye kí n tó sanwó.

Tóyìn
Ẹ kú ìmúra, Ìyá Ìbejì. Ẹ má ka 486 pa pọ̀, ṣe ni kí ẹ pín in. 48 ni ìbú kúkà náà ní ínṣì, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 122. 6 ni iye ojú iná orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 304, ínṣì 30 ni, ojú iná 4. 366 jẹ́ ínṣì 36, ojú iná 6. Torí náà, ẹni yẹn ò parọ́ lórí ìbú àti ojú iná.

Lẹ́tà tó ṣáájú ló ń sọ ohun tó ń mú un gbóná. DF ti Wolf túmọ̀ sí pé gáàsì ló ń jó lókè, àmọ́ iná mànàmáná ló ń mú oven ìsàlẹ̀ gbóná. GR jẹ́ gáàsì lókè àti nísàlẹ̀. IR ni ti induction, ìyẹn iná mànàmáná tó ń fi agbára òòfà mú ìkòkò gan-an gbóná. G tó wà lẹ́yìn ni irin pẹlẹbẹ tí èèyàn lè dín nǹkan lé láìlo páànù. C ni ibi tí a ti ń sun ẹran. Níbi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí: DF486G, DF484CG àti DF484DG, ìbú kan náà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ojú iná 4 péré ló kù nínú méjì tó kẹ́yìn, torí ibi ìsun ẹran tàbí irin pẹlẹbẹ kejì ti gba àyè 2. Bí ẹ bá máa ń gbé ìkòkò púpọ̀ kaná lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára.

Bàbá Ṣeun
Tóyìn ti ṣe é dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ibi tí lẹ́tà jókòó sí ló ń sọ ohun tó jẹ́. Ẹ wo Thermador yín. D inú PRD dúró fún gáàsì àti iná mànàmáná pa pọ̀. PRG ni wọ́n ń kọ tó bá jẹ́ gáàsì nìkan. Àmọ́ D mìíràn tún wà lẹ́yìn 486, irin pẹlẹbẹ ni ìyẹn. Ẹni tó bá gbé ìmọ̀ Wolf lọ síbẹ̀ yóò máa wá G, kò ní rí i.

Kúkà iléeṣẹ́ Viking náà wà tó ń da èèyàn lójú rú: VDR5486GSS. Ẹ̀yin tó bá kà á ní ínṣì 54, ẹ tún un kà. 5 ni ìpele kúkà náà láàárín àwọn tí iléeṣẹ́ náà ń ṣe, 48 ni ìbú, 6 ni ojú iná, G ni irin pẹlẹbẹ, SS ni irin tí kì í dípẹtà.

Délé Oníṣẹ́ Gáàsì
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìyá Ìbejì, gbólóhùn kan tí ẹ sọ kẹ́yìn ló mú mi dá sí i: sìlíńdà ni ẹ ń lò. Ẹ wo ìparí kóòdù náà. Wolf àti Viking máa ń fi LP sí ìparí tó bá jẹ́ pé gáàsì sìlíńdà ni wọ́n ṣe é fún. Tí kò bá sí LP, gáàsì páìpù ni. DF486G tí ẹ kọ yìí kò ní LP.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Agbára gáàsì sìlíńdà ju ìlọ́po méjì ti páìpù lọ bí a bá wọn iye kan náà, ìfúnpá rẹ̀ náà sì ga jù. Nítorí náà, ihò tí gáàsì ń gbà jáde lójú iná gbọ́dọ̀ kéré. Bí ẹ bá so sìlíńdà mọ́ kúkà tí ihò rẹ̀ jẹ́ ti páìpù, iná yóò ga ju bó ṣe yẹ, yóò pọ́n, yóò fi èéfín dúdú kun ìdí ìkòkò, ó sì lè tú carbon monoxide sínú ilé. Afẹ́fẹ́ yẹn kò ní òórùn, ó sì ń pani. Ẹ bẹ̀rù rẹ̀.

Àwọn ohun èlò wà tí a fi ń yí i padà: ihò kéékèèké tuntun, a ó sì tún regulator rẹ̀ ṣe. Oníṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ ni kó ṣe é. Níwọ̀n bó ti jẹ́ àlòkù, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín lè ti yí i padà, kóòdù kò sì ní yí nítorí ìyẹn. Ẹ bi í léèrè, ẹ wá sítíkà tí oníṣẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sì tú ojú iná wò kí ẹ tó tàn án.

Ìyá Ìbejì
Háà, bùọ̀dá Délé, ẹ ṣé gan-an ni. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi rí. Ta ló wá mọ̀ nípa Cluny? Ṣé a sì lè mọ ọjọ́ orí kúkà láti ara nọ́ńbà?

Àǹtí Bísí
Èmi fẹ́ràn àwọn ará Faransé wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí n dáhùn. Lacanche máa ń fi orúkọ ìlú agbègbè Burgundy sọ kúkà wọn; Cluny wà nínú wọn, Sully náà. 1400 ni ìbú, mìlímítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Sẹ̀ǹtímítà 140 nìyẹn, ó fi 18 ju ti àwọn méjì tó kù lọ. La Cornue ní tiwọn ń lo sẹ̀ǹtímítà: Château 150 jẹ́ 150. Nítorí náà 48, 150 àti 1400, ìwọ̀n mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ má fi wọ́n wéra láìyí wọn padà.

Ohun tí Cluny 1400 kò sọ pọ̀. Ẹni tó rà á ló ń yan bí òkè rẹ̀ yóò ṣe rí, gáàsì tí yóò lò àti àwọ̀ rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ṣe àṣẹ rẹ̀ ni kí ẹ béèrè, orúkọ nìkan kò tó.

Bàbá Ṣeun
Lórí ọjọ́ orí: ẹ wá FD lára àwo nọ́ńbà Thermador, ẹbí Bosch ni wọ́n. Nọ́ńbà 4 ló tẹ̀ lé e. Bí àpẹẹrẹ, 9208: ẹ fi 20 kún 92, yóò di 112, ìyẹn 2012, 08 ni oṣù kẹjọ. Láti 2020, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti 00, nítorí náà 0105 jẹ́ oṣù karùn-ún 2021.

Ti Wolf, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́. Ó yàtọ̀ sí kóòdù: kóòdù jẹ́ ti gbogbo irú kúkà yẹn, ìdánimọ̀ jẹ́ ti ọ̀kan yẹn nìkan. Òun ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá wọ́n ti ké sí i padà nítorí àléébù.

Ìyá Ìbejì
Màá ní kó ya fọ́tò àwo irin náà ránṣẹ́, kì í ṣe kó kọ kóòdù lásán. Kí ló kù tí mo gbọ́dọ̀ bi í?

Délé Oníṣẹ́ Gáàsì
Wáyà. DF àti PRD méjèèjì ń fẹ́ 240 volt nítorí oven, lórí ìlà tirẹ̀ tí nǹkan mìíràn kò sí lórí rẹ̀. Kí oníṣẹ́ iná yín wo ilé kí ẹ tó mú èyíkéyìí.