Ẹsẹ̀ bàbá mi máa ń dùn wọ́n tí wọ́n bá ń rìn, tí wọ́n bá dúró á lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Bàbá mi ti pé ọmọ ọdún 67, ṣúgà ti wà lára wọn tipẹ́, sìgá náà wọn ò tíì fi sílẹ̀ tán. Mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ń lọ ò jìnnà sílé rárá, àmọ́ wọ́n á dúró tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́nà. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ràn àti máa kí èèyàn ni, torí iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n á tún bọ́ sọ́nà. Àṣé ẹ̀yìn ojúgun ọ̀tún ló ń fún wọn pinpin bí ẹni fokùn so ó, wọn ò fẹ́ ká mọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní làkúrègbé ni, wọ́n fi rọ́bù pa á, wọ́n mu agbo, kò gbọ́. Lánàá mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn, ó tutù ju èkejì lọ. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún bàbá ọkọ mi nìyẹn, làkúrègbé làwa náà ń pè é títí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn kan fi dúdú, wọ́n ní láti gé e. Ẹ má fi falẹ̀ o.

Nọ́ọ̀sì Àdúnní: Oríkèé ni làkúrègbé sábà máa ń mú, èyí tẹ́ ẹ sọ yìí jọ ẹ̀jẹ̀ tí ò dé ẹsẹ̀ dáadáa. Ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ bíi lítà 5 jáde ní ìṣẹ́jú kan téèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, tó bá ń rìn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ torí ẹran ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ń béèrè púpọ̀. Ọ̀rá ló máa ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan tó ń gbé e lọ tí ọ̀nà á fi há, ṣúgà, sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì ń mú un yá. Ó dà bí ẹ̀rọ omi tí ò yọ dáadáa, tẹ́ ẹ bá fi kọ́ọ̀bù gbe omi ẹ ò ní mọ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ pọnmi kún dúróòmù lẹ máa mọ̀. Ní ọsibítù wọ́n á wọn bípí ọrùn ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á fi wé ti apá, tí ti ẹsẹ̀ ò bá tó 0.9 ti apá, ọ̀nà ti há nìyẹn.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an mà. Ṣé ká máa fi omi gbígbóná jó o kó tó dìgbà yẹn?

Nọ́ọ̀sì Àdúnní: Áà, rárá o! Ẹsẹ̀ oníṣúgà lè má mọ̀ pé omi ń jó òun, egbò tó bá sì dé ibi tẹ́jẹ̀ ò dé kì í tètè jinná. Kí wọ́n má rìn láìwọ bàtà, kí wọ́n jáwọ́ nínú sìgá pátápátá. Tí dókítà bá ti yẹ̀ wọ́n wò, ìrìn gan-an wà lára ìtọ́jú ẹ̀: wọ́n á rìn títí á fi dùn wọ́n, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún rìn. Àmọ́ tí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé tutù rinrin, tó funfun, tí wọn ò lè mi ọmọ ìka, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́ o, láàárín wákàtí mélòó kan ẹran ẹ̀ ti ń kú nìyẹn.

Ẹni tó béèrè: Bàbá ní àwọn ò lọ, pé ṣe ni wọ́n máa gé ẹsẹ̀ àwọn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ sọ fún wọn pé pípẹ́ tá a pẹ́ nílé ló jẹ́ kí wọ́n gé ti bàbá wa.

Ẹni tó béèrè: Wọ́n ti gbà! Àárọ̀ ọ̀la la ń lọ, wọ́n ní kí n má ṣáà sọ fún télọ̀.