Báǹkì ńlá ń jèrè nígbà tí ìlú le, òmíràn kú lọ́dún kan náà. Ẹ bá mi là á kó yé mi

Ọmọ_Ṣọ̀ún_UnderG

Ẹ káàsán o ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Yunifásítì LAUTECH l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo wà, mo ti wà ní ọdún àṣekágbá, pírójẹ́ẹ̀tì mi dá lórí ohun tó ń mú báǹkì ṣe dáadáa nílùú tí ọrọ̀ ajé ẹ̀ ò tíì rẹ́sẹ̀ walẹ̀ bíi tiwa. Gbogbo ìwé tí mo ṣí ló ń to nǹkan kan náà, owó ìdásílẹ̀, lóòǹ tó bàjẹ́, owó dísù àti owó oṣù tí báǹkì ń san, iye èlé, iye dọ́là, ọ̀wọ́n gógó ọjà. Ìyẹn ti yé mi. Èyí tí ò yé mi ni pé lọ́dún 2023 sí 2024 tí àwọn ìyá wa ní ọjà Tákìé ń ta ọjà tán tí owó ẹ̀ ò sì tó ra òmíràn padà, ìgbà yẹn gan-an ni àwọn báǹkì ńlá ń kéde èrè tí wọn ò jẹ irú ẹ̀ rí, ní June 2024 sì rèé CBN, ìyẹn báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ Heritage Bank. Ọjà kan náà, dọ́là kan náà, kí ló fà á? Súpáfáísọ̀ mi ní kí n lọ bi àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Bàbá_Arówómọ́lẹ̀

Ọmọ mi, o káre, ìbéèrè gidi lo bi. Ọdún 26 ni mo fi ṣiṣẹ́ báǹkì kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé, ìdí lóòǹ ni mo sì ti pẹ́ jù.

Kọ́kọ́ tú èrè yẹn palẹ̀ ná. Nígbà tí wọ́n fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye ẹ̀ ní June 2023, dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè títí tó fi kọjá ₦1,400 ní 2024. Báǹkì tí dọ́là tó ní bá pọ̀ ju gbèsè dọ́là tó jẹ lọ, ńṣe ni owó ẹ̀ kàn ń wú nínú ìwé, kò rà, kò tà. CBN náà mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi kìlọ̀ ní September 2023 pé wọn ò gbọdọ̀ mú un pín fún àwọn onípìn-ín, ìjọba sì gbé owó orí 70% lé e ní 2024. Èlé CBN tí àwọn báǹkì ń wò kí wọ́n tó dá tiwọn ńkọ́? 18.75% ni ní July 2023, ó ti di 27.50% ní November 2024. Báǹkì tó bá yáa kó owó fún ìjọba nínú trẹ́ṣọ́rì bíìlì á jẹun yó láìyá ẹnì kankan l'Ógbómọ̀ṣọ́ ní kọ́bọ̀. Tó o bá da gbogbo ẹ̀ pọ̀ tó o pè é ní iṣẹ́ dáadáa, á ṣì ẹ́ lọ́nà.

Ohun tó ń pa báǹkì ni lóòǹ tí ò padà wá. CBN ní kó má kọjá 5% nínú gbogbo ohun tí báǹkì yá jáde. Jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tí èmi fúnra mi fọwọ́ sí. Oníkajú kan wá bá wa ní January, kajú sì rèé, láti February lọ sí May ni àsìkò tiẹ̀, owó tó máa fi kó o lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ló ń wá. Mo lọ sí ilé ìkẹ́rù ẹ̀, mo rí àwọn àpò òfìfo tó ti ká sílẹ̀ de ẹrù, mo wo ìwé tó ń kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ sí, kò sí àlébù kankan. Mo fi fáìlì ránṣẹ́ sí Èkó. Ó sùn lórí tábìlì ẹni kan, ó sùn lórí ti ẹlòmíràn, wọ́n ní ká fi fọ́tò kún un, wọ́n ní ìwé ilé ò mọ́lẹ̀ tó, àfi ìgbà tí April ń parí lọ tí owó wọ àkáǹtì ẹ̀. Kajú ti ń tán lóko, èyí tó kù ti gbówó lórí. Ó fi díẹ̀ ra, ó fi èyí tó kù kan òrùlé ilé tó ń kọ́. Nígbà tí àtisan ò ṣeé ṣe a lọ síbi ilé tó fi dúró, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ gbé àga síwájú ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó ní ilé ẹbí ni, kò sẹ́ni tó lè dá fi dúró gbèsè. C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba, ò sí. Bí lóòǹ yẹn ṣe kú nìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé oníbàárà ò san, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí títí dòní torí mo mọ̀ pé àwa la yá a lówó lẹ́yìn àsìkò. Kọ irú èyí sínú iṣẹ́ ẹ.

Ìyá_Ìbejì_Tákìé

Ẹ kú àlàyé bàbá, Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín. Àwa tá à ń kówó lọ bá wọn ńkọ́? Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, aago márùn-ún ìdájí ni mo ti wà lórí ìlà, owó ìrẹsì tí mo tà ló wà lọ́dọ̀ wọn o, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni wọ́n kà lé mi lọ́wọ́ nígbà tó kan mi lọ́sàn-án, ẹni tó gbé ẹrù wá fún mi sì dúró sí ṣọ́ọ̀bù ó ń retí owó ẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni mo ti padà sọ́dọ̀ alájọ mi. Ṣebí owó wa náà ni wọ́n fi ń ṣòwò? Kí ọmọ wa kọ ìyẹn sílẹ̀ dáadáa, ká lè fọkàn tán báǹkì tàbí ká má fọkàn tán an, ó wà lára ohun tó ń gbé e ró.

Bàbá_Arówómọ́lẹ̀

Òótọ́ pọ́nńbélé ni Ìyá Ìbejì. Owó ọlọ́jà ló dẹ̀ fún báǹkì jù torí èlé tí wọ́n ń san lórí ẹ̀ ò tó nǹkan, tí wọ́n bá pàdánù ẹ̀, wọ́n á máa fi èlé gọbọi bẹ àwọn olówó ńlá. Ọmọ mi, fi èyí kún un, nínú ₦100 tí Ìyá Ìbejì bá kó wá, CBN ní kí báǹkì kó ₦45 wá fún òun pa mọ́ láti February 2024, ó sọ ọ́ di ₦50 ní September ọdún yẹn, kò sì san èlé kankan lórí ẹ̀.

Ọmọ_Aláàfin

Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ èyí. Ẹ má bínú bàbá, ẹ fọwọ́ kékeré mú ọ̀rọ̀ owó ìdásílẹ̀. Ní 2004 tí Soludo, gómìnà CBN nígbà náà, ní kí báǹkì gbé tiwọn láti ₦2 bílíọ̀nù lọ sí ₦25 bílíọ̀nù, 89 ni wọ́n, wọ́n di 25, àwọn tó kù yẹn ló wá lágbára. CBN tún ti sọ ọ́ ní March 2024, ₦500 bílíọ̀nù fún èyí tó ń ṣòwò dé òkè òkun, ₦200 bílíọ̀nù fún èyí tó wà káàkiri Nàìjíríà, títí di March 31, 2026. Ẹni tó bá ní irú owó yẹn nílẹ̀, oníkajú ogún ò san, kò lè wó o.

Bàbá_Arówómọ́lẹ̀

Mi ò sọ pé kò wúlò o. Àmọ́ ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn ìkéde ₦25 bílíọ̀nù yẹn, ní 2009, Sanusi tó ti di gómìnà CBN yọ ọ̀gá àgbà báǹkì mẹ́jọ, wọ́n ti yá owó fún àwọn tó ń ra ṣíà àti àwọn oníṣòwò epo, ṣíà já wálẹ̀, wọ́n ní láti dá AMCON, ilé iṣẹ́ ìjọba kan, sílẹ̀ ní 2010 kó máa ra lóòǹ tó bàjẹ́. Owó pọ̀ nílẹ̀ nígbà yẹn náà.

Ọmọ_Ṣọ̀ún_UnderG

Ẹ ṣé gan-an, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo máa yọ èrè dọ́là sọ́tọ̀ kí n tó ṣírò ohunkóhun, mo sì fẹ́ lọ bá àwọn ọlọ́jà ní Sábó náà. Bàbá, ìwé ìṣirò ọdọọdún báǹkì mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi, ṣé mo lè kó o wá bá yín?

Bàbá_Arówómọ́lẹ̀

Kó o wá ní Sátidé lẹ́yìn ìrun Alásárì, ti 2019 dé 2024. Má wulẹ̀ ṣí ojú ewé èrè, ibi tí wọ́n kọ lóòǹ tó bàjẹ́ sí la ti máa bẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń wà lẹ́yìn níbi tí lẹ́tà ti kéré.