Class àbí function nínú React, èwo ni kí n dì mú?

OmoKoodu:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Function ni wọ́n fi kọ́ mi láti kọ component (ẹyọ ojú ewé, bíi bọ́tìnì tàbí fọ́ọ̀mù) ní React, ohun èlò JavaScript tí wọ́n fi ń kọ́ ojú ewé, useState àti useEffect yé mi dáadáa, àmọ́ ibiṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ yìí, class ló kún inú kóòdù wọn fọ́fọ́. Mo ṣí fáìlì kan, constructor, mo ṣí òmíì, `this.fiRanse = this.fiRanse.bind(this)`, ojú mi kàn ń ṣú ni. Mo wá ní kí n rọra máa yí wọn sí function, ọ̀gá mi ní kí n jọ̀wọ́ kí n má fọwọ́ kàn án. Ṣé class ò tíì kú ni? Kí ló tiẹ̀ lè ṣe tí function ò lè ṣe? Tí mo bá sì fẹ́ kọ tuntun ńkọ́, ṣé kí n bá wọn kọ class kó lè bára mu?

IyaHooks:
Ta ló pa á? Nígbà tí hooks (àwọn bíi useState àti useEffect tí function ń pè) jáde nínú React 16.8 lóṣù kejì ọdún 2019, àwọn tó ṣe é sọ ọ́ kedere pé àwọn ò ní yọ class, Facebook gan-an ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún component tí wọ́n fi class kọ, wọ́n ní àwọn ò ní tún wọn kọ. Ọ̀gá ẹ mọ ohun tó ń sọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ tuntun lo fẹ́ kọ, function ni jàre, òun náà ni react.dev, ìkànnì React fúnra ẹ̀, fi ń kọ́ èèyàn láti 2023. Function lè gbé class sínú, class náà lè gbé function, ohun tí o ò kàn lè ṣe ni kó o pe hook nínú class.

Ibi tí class ṣì ti jẹ́ ọ̀gá ni error boundary, ìyẹn component tó ń gbá àṣìṣe àwọn tó wà nínú ẹ̀ mú. Tí component kan bá dàrú nígbà tó ń render (tí React ń pè é láti mọ ohun tó máa gbé sójú ewé), tí kò sì sí ohun tó máa gbá a mú, React á kó gbogbo ẹ̀ kúrò, ojú ewé á wá funfun báláú. getDerivedStateFromError àti componentDidCatch ló ń gbá a mú, hook tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ò sì sí, kódà nínú React 19. Àwọn tó ń sọ pé àwọn ò lo class mọ́, tí wọ́n wá lọ install react-error-boundary, kí wọ́n ṣí inú ẹ̀ wò, class ló wà níbẹ̀ 😂

AgbaDev:
Gbogbo "function kúrú, class gùn" yẹn, ìyẹn kọ́ ni ìyàtọ̀ ọ̀hún. Ìgbà tí wọ́n ń ka props, ìyẹn dátà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí component, ni kó o wò. Ká ní component tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò kan nìyí:

```
fiRanse = () => {
  setTimeout(() => alert('O ti gba ti ' + this.props.ilu), 3000);
};
```

Ẹnì kan mú Ìlọrin, ó tẹ bọ́tìnì, kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn tó pé ó ti yí i sí Òṣogbo. Class á sọ fún un pé ti Òṣogbo ló gbà! Torí `this`, ìyẹn component yẹn fúnra ẹ̀, ò yí, props ara ẹ̀ ni React ń pààrọ̀, ìgbà tí timer pé ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kà á. Function á sọ Ìlọrin, torí render kọ̀ọ̀kan ló ní props tiẹ̀, ti ìgbà tó tẹ bọ́tìnì ló mú dání. Torí náà tó o bá kàn ń yí class sí function láìwo ibi tí this.props wà nínú timer tàbí lẹ́yìn fetch, ìwà ẹ̀ máa yàtọ̀, test sì lè má ta ẹ́ lólobó.

Function náà ní wàhálà tiẹ̀ ṣá. Fi setInterval sínú useEffect tí array ẹ̀ ṣófo, kó máa pe `setIye(iye + 1)`, ó máa dé 1 á sì dúró síbẹ̀ gbagidi, torí 0 àkọ́kọ́ yẹn ló ń rí. `setIye(i => i + 1)` ni kó o kọ.

Kemi_css:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ ò sọ ibi tí class ti ń dun èèyàn. Tí component yẹn bá ń gba ìròyìn mọ́tò látinú socket (ìlà tó ṣí sílẹ̀ sí server), o máa ṣí i nínú componentDidMount, nígbà tó bá wọ ojú ewé, o máa tì í nínú componentWillUnmount, nígbà tó bá fẹ́ kúrò, tí ìlú bá wá yí padà o gbọ́dọ̀ tún rántí componentDidUpdate, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń gbàgbé, èrò ti mú Òṣogbo, ìròyìn Ìlọrin ló ṣì ń wọlé. useEffect kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbì kan.

OmoKoodu, dípò kó o máa yí gbogbo ẹ̀, lọ wá `ref="` (ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń sọ nǹkan ojú ewé lórúkọ kí kóòdù lè dì í mú) àti contextTypes (ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń fi dátà ránṣẹ́ sí component tó jìn) nínú kóòdù yẹn. React 19 tó jáde lóṣù kejìlá 2024 ti yọ méjèèjì, àwọn ló máa kọ́kọ́ bú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá upgrade. componentWillMount náà, tó máa ń ṣiṣẹ́ kí component tó wọ ojú ewé, wọ́n ti ní ká yéé lò ó láti 2018. Ṣọ́ra fún defaultProps (iye tí prop máa ní tí wọn ò bá fún un ní nǹkan kan) o, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lára class, ti function ni 19 ò kà mọ́.

OmoKoodu:
Háà, ẹ ṣeun gan-an o. Mo ti wá `ref="` yẹn, ó pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, kódà ó wà nínú fọ́ọ̀mù login. Ṣé kí n kàn fi createRef rọ́pò ẹ̀, kó ṣì jẹ́ class?

AgbaDev:
Bẹ́ẹ̀ ni, createRef nínú constructor, má fọwọ́ kan ìyókù. Kó o sì fi han ọ̀gá ẹ kó o tó merge.