Ológbò mi ti fẹ́ fi èékánná pa àga pálọ̀ rẹ́, ẹ gbà mí o

ÌyáÌbejì_Àsèrò: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Torí eku tó ń gba gọ́tà wọlé la ṣe gba ológbò, eku ti lọ lóòótọ́ àmọ́ ó ti kọjú sí àga báyìí. Ibi tá a ń gbọ́wọ́ lé lápá ẹnu ọ̀nà ló ń họ ṣáá, òwú ti yọ síta, fóòmù ti ń yọjú. Bàbá wọn ní àwọn máa gbé ológbò náà fún àwọn oníràìsì ní Kútọ̀, àwọn ọmọ sì ti ń sunkún. Ẹnì kan ní kí n lọ yọ èékánná ẹ̀, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ọmọ_Lísàbí: Mọ̀mí Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò! Tí wọ́n bá ní àwọn yọ èékánná ológbò, eegun tó kángun sí orí ìka ni wọ́n ń gé dànù, bí ìgbà tí wọ́n gé ìka èèyàn lóríkèé ni. Ẹ kàn máa rẹ́ ṣóńṣó èékánná ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ má dé ibi tó pọ́n nínú torí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Tẹ́rù bá ń bà yín, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹranko ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà. Ẹ má nà án náà o, kì í ṣe ìkà ló ń ṣe, èèpo èékánná tó ti gbó ló ń họ kúrò, ẹ wo ìdí àga yẹn dáadáa ẹ máa rí èèpo wínníwínní tó tẹ̀ kọdọrọ nílẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ tún ní òórùn tó ń fi síbẹ̀ pé ibí yìí tèmi ni.

Káfíńtà_Láfẹ̀ńwá: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ fún un ní nǹkan míì tí á máa họ dípò àga: ẹ ní kí wọ́n kan igi tó ki mọ́ pákó fífẹ̀ nísàlẹ̀, kó má mì rárá, torí tó bá fi lè mì báyìí ológbò ò ní sún mọ́ ọn mọ́, kó sì ga kọjá ibi tọ́wọ́ ẹ̀ dé tó bá nàró. Ẹ wé àpò kòkó tàbí okùn líle mọ́ ọn. Iwájú àga yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e sí o, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé, tó bá ti mọ́ ọn lára kẹ́ ẹ wá máa sún un díẹ̀díẹ̀.

ÌyáÌbejì_Àsèrò: Ẹ ṣé gan-an ni o. Àga tó ti bàjẹ́ yẹn wá ńkọ́?

Káfíńtà_Láfẹ̀ńwá: Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù olójú méjì mọ́ ọn ná, wọn kì í fẹ́ nǹkan tó ń lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ ẹ̀, ẹ mú èyí tó dán tí híhun ẹ̀ fún pinpin, èyí tí òwú ẹ̀ dẹ̀ ni wọ́n ń họ jù.